Ewùrà Ìmùròkò àti Ìyá Eléékún Mẹ́ta

Ẹ̀yin ará mi, ẹni tó bá fẹ́ wúkọ́ kó ti wúkọ́ tán, ẹni tó bá ń ti oko bọ̀ kó fi àdá rẹ̀ ti ẹ̀gbẹ́ ògiri, nítorí ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ yìí kì í ṣe èyí tí a ń gbọ́ ní ìdúró. Odùnúgà ni orúkọ mi. Ọdẹ ni mí, ọmọ ọdẹ ni mí, ọmọ Ìmùròkò ní ilẹ̀ Ìjẹ̀bú. Mo ti pa ẹfọ̀n tí ọdẹ mẹ́fà sá fún. Mo ti bá ọ̀bọ kan tó wọ ṣòkòtò jà láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, mo sì gba ṣòkòtò náà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wà nílé, ẹni tó bá fẹ́ rí i kó wá. Ṣùgbọ́n ìrìn àjò tí mo fẹ́ ròyìn lónìí, ìtìjú ni mo fi bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, ẹ má sì jẹ́ kí àyà tí mo yọ síta yìí tàn yín jẹ.

Gbogbo yín mọ ìkọ́kọrẹ́, àmọ́ ti Ìmùròkò yàtọ̀. Ewùrà tiwa kì í ṣe funfun. Inú rẹ̀ pọ́n, ó dúdú díẹ̀, bí aṣọ àlùkò tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Bí wọ́n bá rín in, tí wọ́n fi ọwọ́ bù ú sínú ọbẹ̀ tó ń hó, ńṣe ló máa ń dì ṣùṣù, tí epo á yí i ká, tí ẹja yíyan á yọ orí láàárín rẹ̀, tí ata á sì wọ imú ẹni tó jókòó sí ojúde láìpè é. Nítorí pé ewùrà yìí ṣọ̀wọ́n, àwọn baba wa dá àṣà kan sílẹ̀. Bí a bá ti kórè tán, ilé kọ̀ọ̀kan á yan èbù mẹ́wàá tó dára jù, wọn á kó o lọ sí ahéré kan ṣoṣo tó wà lórí àpáta, níbi tí omi kì í dúró sí. Níbẹ̀ ni gbogbo ìrúgbìn ìlú máa ń wà títí òjò gbígbìn yóò fi dé. Ilé wa ló ń ṣọ́ ahéré yẹn láti ayé baba baba mi. A máa ń yí èbù náà padà, a máa ń tún òrùlé ṣe, a sì máa ń yọ èyí tó bá fẹ́ jẹrà kúrò kó má baà kó ran àwọn yòókù.

Lọ́dún tí mò ń wí yìí, àwọn ọdẹ Ìgbóòrè pè mí sí àpèjọ wọn. Ìyàwó mi, Ẹfúnróyè, wà lọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ. Mo ní ọjọ́ mẹ́ta ni mo máa lò. Ọjọ́ mọ́kàndínlógún ni mo lò. Ẹ bi mí léèrè ohun tí mò ń ṣe níbẹ̀. Ìlú mi ni mò ń fi fọ́nnu! Mo sọ̀rọ̀ gàárì Ìjẹ̀bú tó kan, tó ń dún lẹ́nu bí ẹni ń tẹ ewé gbígbẹ. Mo sọ̀rọ̀ Agẹmọ tó ń jó lórí ẹní. Mo sọ̀rọ̀ ẹṣin tó ń fi ẹsẹ̀ lé ìlù ní Ojúde Ọba, mo sì fi ẹsẹ̀ ara mi ṣe é fún wọn. Nígbà tí mo dé orí ìkọ́kọrẹ́ Ìmùròkò, mo lo ọjọ́ márùn-ún gbáko lórí rẹ̀, àwọn kan ń sunkún, àwọn kan ń lá ètè. Gbogbo ìgbà yẹn, ìjì ti ká òrùlé ahéré, òjò ti wọlé, èbù gbogbo Ìmùròkò sì ti di ẹrọ̀fọ̀.

Nígbà tí mo dé, Ẹfúnróyè ti padà, ó dúró sí ẹnu ọ̀nà. Kò kí mi. Ó ní, "Baba Ìgè, ẹ lọ wo ahéré yín." Kò pè é ní ahéré wa mọ́. Mo lọ wò ó, mo sì jókòó sílẹ̀ nínú òórùn yẹn, mo fi ọwọ́ bo ojú bí ọmọdé.

Wọ́n rán èèyàn lọ sí ìlú mẹ́rin láti wá ewùrà. Èyí tí wọ́n rí jẹ́ funfun, ó sì ń yọ̀ nínú ìkòkò bí ilá. Baba Òṣíbọ̀wálé, tó jẹ́ àgbà jù lọ nílùú wa, ránṣẹ́ pè mí. Kò bínú, èyí ló sì dùn mí jù. Ó ní, "Odùnúgà, ọjọ́ méjìlá ló kù kí àkókò gbígbìn kọjá. Tó bá kọjá, ewùrà wa ti tán láyé nìyẹn. Àwọn àgbà sọ fún wa pé nígbà tí wọ́n ń wa kòtò Erédò, Ìmùròkò ló ń bọ́ àwọn òṣìṣẹ́, ewùrà yìí ni wọ́n sì fi ń bọ́ wọn. Wọ́n ní ó ṣì kù díẹ̀ níbi tí kòtò náà ti jìn jù. Baba rẹ dé etí ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó gbọ́ òórùn oúnjẹ láti inú igbó tí èèyàn kò gbé, ó sì padà sílé."

Mo ní, "Baba, èmi kò ní padà."

Bí mo ti ń gbé ìbọn kọ́ èjìká, Ẹfúnróyè kó epo, iyọ̀, ata gbígbẹ àti ẹja yíyan méjì sínú àpò mi. Ó ní, "Baba Ìgè, bí ẹ kò bá rí i, ẹ má wá sọ ìtàn kankan fún mi o."

Ọjọ́ méjì tí mo fi rìn, mi ò ní fi yọ yín lẹ́nu. Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mo dé Erédò. Ẹ̀yin tí ẹ kò tíì dé ibẹ̀ rí, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ògiri ìlú rẹ̀ dẹ́rù bà yín! Kòtò ni, òkè ni. Ọwọ́ ni àwọn baba ńlá wa fi wà á yí ilẹ̀ Ìjẹ̀bú ká, erùpẹ̀ tí wọ́n wà jáde ni wọ́n fi mọ òkè sí etí rẹ̀, kò sí ẹ̀rọ kankan nígbà náà. Igi ti hù lórí igi níbẹ̀, èèhọ̀n sì ti bo ògiri rẹ̀. Mo sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀, mo gbé ojú sókè láti wo ibi tí mo ti wá, fìlà mi sì já bọ́ lẹ́yìn mi. Mo ń wí lọ́kàn mi pé, àwọn èèyàn mi ló ṣe èyí, omijé sì lé sí mi lójú kí n tó mọ̀.

Ohùn kan sọ̀rọ̀ lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Ọkùnrin kan ni, kò ga ju orúnkún mi lọ, irùngbọ̀n rẹ̀ gùn débi pé ó ti wọnú ilẹ̀ lọ, ó ti di gbòǹgbò. Ó ní, "Ọdẹ, níbo lo ti ń bọ̀?"

Mo ní, "Ìmùròkò ni."

"Orúkọ lo dá yẹn. Àlejò náà lè kọ́ orúkọ. Àwọn méjì kan ń bá ara wọn ṣiṣẹ́. Ọ̀kan ń lọ sísàlẹ̀ lójoojúmọ́, èkejì ń lọ sókè lójoojúmọ́, wọn kò sì fi ara wọn sílẹ̀ rí. Ta ni wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín. "O tẹ ọ̀kan mọ́lẹ̀, o fi ẹ̀yìn ti èkejì. Kòtò Erédò àti òkè Erédò ni. Bí wọ́n ti ń wa ọ̀kan, bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń mọ èkejì."

Ó mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. "Ó ní eyín tó lé ní ọgọ́rùn-ún, kò jẹun yó rí. Gbogbo ohun tó bá gé jẹ, ẹ̀yìn rẹ̀ ló ń gbà jáde."

"Páànù tí wọ́n fi ìṣó lu ni, tí àwọn obìnrin wa fi ń rín ewùrà!"

"Ìwọ ti fi ọwọ́ kàn án rí?"

Mo yọ àyà síta. "Èmi? Ọdẹ bíi tèmi? Jíjẹ nìkan ni tèmi."

Ọkùnrin náà wò mí pẹ́, ó wá fa irùngbọ̀n rẹ̀ sẹ́yìn kúrò lójú ọ̀nà. "Kọjá," ni ó wí, ṣùgbọ́n ẹ̀rín tó rín kò dára létí mi.

Òórùn tí baba mi gbọ́ ni mo tẹ̀ lé. Níbi tí kòtò náà ti jìn jù, tí oòrùn ọ̀sán ń gba àárín ewé wọlé díẹ̀díẹ̀, obìnrin kan jókòó. Ẹ̀yin ará mi, mo ti rí ohun tó pọ̀, àmọ́ mi ò rí irú èyí rí. Orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹ̀ka igi, ọwọ́ rẹ̀ tó òpó ilé, eékún mẹ́ta ló sì ní. Ó ká eékún mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sókè, ó fi wọ́n ṣe ààrò, iná ń jó láàárín wọn, ara kò sì ta á. Lẹ́yìn rẹ̀, lára ògiri kòtò, gbòǹgbò kan so ewùrà méje rọ̀. Èyí tó ya díẹ̀ nínú wọn fi inú rẹ̀ hàn mí. Ó pọ́n, ó dúdú díẹ̀. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ kígbe.

Mo dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, mo kí yín o. Mo wá tọrọ ewùrà."

Ó ní, "Èmi ni mò ń dáná fún àwọn tó wa Erédò. Nígbà tí wọ́n parí iṣẹ́, wọ́n lọ sílé, kò sì sí ẹni tó rántí pé kó pè mí. Láti ìgbà náà ni ààrò mi ti ń jó láìsí ìkòkò lórí rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ti wá bi mí léèrè ewùrà, wọ́n ní ọmọ Ìmùròkò ni àwọn. Èmi kì í dá ọmọ Ìmùròkò mọ̀ lẹ́nu. Gbé ìkòkò ka eékún mi, kí o sè é. Bí mo bá tọ́ ọ wò tí mo mọ ọwọ́ àwọn èèyàn mi níbẹ̀, kó ewùrà lọ. Bí ọbẹ̀ náà bá bàjẹ́, wàá máa ṣẹ́ igi fún mi títí ọmọ ìlú rẹ mìíràn yóò fi dé."

Mo ní, "Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ?" Ẹ gbọ́ ẹnu mi! Ẹ gbọ́ ẹnu ẹni tí kò gbé ìkòkò ìkọ́kọrẹ́ kaná rí!

Ó já ewùrà kan fún mi, ó gbé páànù, omi àti ìkòkò fún mi. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í rín in. Ewùrà yọ̀ lọ́wọ́ mi, ọwọ́ yún mi títí dé ìgúnpá, páànù gé ìka mi mẹ́rin. Mo da epo sínú ìkòkò, mo da omi, ata, iyọ̀ àti ẹja kan sí i. Títí dé ibẹ̀, gbogbo rẹ̀ dára. Ó hó, mo bu ewùrà rírín sí i, mo sì mú igi, mo rò ó. Ọdẹ ni mí, bí mo bá ń se ọbẹ̀ nínú igbó, rírò ni mo mọ̀. Mo rò ó gidi, mo rò ó yíká, mo tún ń kọrin sí i. Ìyá náà ń wò mí. Kò pẹ́ tí ṣùṣù kankan kò sí mọ́ nínú ìkòkò yẹn. Ó ti di ògì. Ògì aláwọ̀ àlùkò tí orí ẹja ń léfòó nínú rẹ̀.

Ó ki ìka kan bọ̀ ọ́, ó gbé e sẹ́nu, ó sì tu ú dànù. "Igi wà lápá ọ̀tún," ni ó wí. "Èyí tó gbẹ ni kí o kọ́kọ́ ṣẹ́."

Mo fò sókè. Mo gun ògiri kòtò, mo yọ̀ padà. Mo gùn ún lápá òsì, mo yọ̀ padà. Mo wá pe ọfọ̀ tí baba mi kọ́ mi, èyí tó ń gbé ọdẹ kúrò níwájú ẹkùn. Ó ṣiṣẹ́ o! Ó gbé mi sókè fìì, ó gbé mi yí igi kan ká, ó sì rọra gbé mi padà sí ìdí ààrò náà. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ọfọ̀ yẹn mọ̀ pé Ìyá yìí kì í ṣe ẹkùn.

Ó wá bi mí pé, "Kí ló dé tí ìlú rẹ fi nílò ewùrà?"

Irọ́ mẹ́ta ti wà lẹ́nu mi, tí wọ́n dára gan-an. Àmọ́ àárẹ̀ ti mú mi, ọwọ́ sì ń yún mi. Mo sọ òótọ́ fún un. Mo sọ pé èmi ni olùṣọ́ èbù, pé mo jókòó sí ìlú onílùú mò ń fi ìkọ́kọrẹ́ fọ́nnu títí ìrúgbìn rẹ̀ fi jẹrà sílé. Mo sọ pé ọjọ́ mẹ́sàn-án ló kù. Ẹkún gbà mí.

"Ta ló ń sè é fún ọ nílé?"

"Ìyàwó mi ni, Ẹfúnróyè."

"O ti wo ọwọ́ rẹ̀ rí nígbà tó ń sè é?"

Ẹ̀yin ará, mo ronú títí. Ọdún mẹ́tàlélógún ni mo ti ń jẹ ẹ́. Mo ní, "Ìyá, mi ò wo ọwọ́ rẹ̀ rí. Àwo ni mo máa ń wò."

Ohùn rẹ̀ rọ̀ díẹ̀. Ó ní, "Kò sí ọ̀kan nínú gbogbo àwọn tó wá tó bi mí pé báwo ni wọ́n ṣe ń sè é."

Mo tún dọ̀bálẹ̀. "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, báwo ni wọ́n ṣe ń sè é?"

"Màá kọ́ ọ. Ṣùgbọ́n ewùrà mẹ́fà ló kù. Bí a bá se ọ̀kan sí i, márùn-ún ló kù. Bí o bá tún bà á jẹ́, mẹ́rin. Ìwọ ni kí o yàn án."

Gbogbo oko Ìmùròkò ló wà nínú ewùrà mẹ́fà yẹn. Síbẹ̀ mi ò rí ọ̀nà mìíràn. Mo na ọwọ́, mo gba ọ̀kan. Mo rín in, ìka mi tún bó. Mo da ògì náà nù, mo fi epo, ata àti ẹja kejì gbé ọbẹ̀ mìíràn kaná. Nígbà tó hó, ó ní kí n bù ú sí i ṣùṣù ṣùṣù, kí n dé e, kí n sì gbé igi náà sọnù.

"Kí ni mo máa wá fi rò ó?"

"O kò ní í rò ó. Bí wọ́n bá fi igi kàn án kó tó dì, ó ti tú nìyẹn. Wàá dúró."

"Títí di ìgbà wo?"

"Òun ló máa sọ fún ọ."

Dídúró! Ó yẹ kí ẹ rí mi. Ẹ̀ẹ̀mẹ́ta ni mo na ọwọ́ sí ìdérí ìkòkò yẹn, tí mo tún fà á padà. Nígbà náà ni mo rántí pé ọdẹ ni mí, pé mo ti lúgọ láti òwúrọ̀ títí di àṣálẹ́ de ẹtu kan létí odò, tí eṣinṣin ń rìn lójú mi tí mi ò sì mira. Mo lúgọ de ìkòkò náà. Mo na etí sí i. Lákọ̀ọ́kọ́ ó ń dún yàrà-yàrà, bí omi lásán. Mo dúró. Ó rọlẹ̀ díẹ̀, mo ṣì dúró. Nígbà tó pẹ́, ohùn náà ki. Ó ń dún pọ̀tọ̀, ó dákẹ́, pọ̀tọ̀, ó dákẹ́. Mo gbé ojú wo Ìyá, ó sì mi orí pé ó tó. Mo ṣí i. Ṣùṣù kọ̀ọ̀kan ti dì, wọ́n jókòó nínú epo, ẹja sì yọ orí láàárín wọn.

Ó bù ú, ó jẹ ẹ́. Ó tún bù ú. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í mì, ó ń sunkún, ó ń jẹun lọ. Ó pe orúkọ àwọn èèyàn kan tí mi ò mọ̀, lọ́kùnrin lóbìnrin, ó ní báyìí ni wọ́n ṣe máa ń jókòó yí òun ká, tí ọkọ́ wọn á dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. A jọ jẹ ẹ́ tán. Ó já ewùrà márùn-ún fún mi, ó ní, "Lọ́dún àkọ́kọ́, ẹ má jẹ ẹyọ kan. Bí o bá sì tún fẹ́ sọ̀rọ̀ oúnjẹ yìí níbikíbi, gbé ìkòkò kaná níbẹ̀."

Mo rò pé ó ti parí, àfi ìgbà tí mo dé ọ̀dọ̀ onírùngbọ̀n. Gbòǹgbò rẹ̀ ti wé ẹsẹ̀ mi kí n tó kí i, ó ti dé ìbàdí mi, ó ń fún mi pọ̀. Ó ní, "Ìwọ tó jẹ́ pé jíjẹ nìkan ni tìrẹ, ta ló ní kí o kó ewùrà wa?" Mi ò lè sọ̀rọ̀, mímí gan-an ń ṣòro fún mi. Mo na ọwọ́ méjèèjì sí i. Ó wo ìka mi tó bó, tí oje ewùrà gbẹ mọ́, ó yẹ̀ wọ́n wò lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì tú gbòǹgbò rẹ̀ sílẹ̀.

Ó ku ọjọ́ mẹ́fà kí àkókò kọjá nígbà tí mo wọ Ìmùròkò. Mo jẹ́wọ́ ohun gbogbo lójú ìlú, lójúde Baba Òṣíbọ̀wálé. A gé márààrún sí èbù mẹ́rìndínlógójì, a gbìn ín. Lọ́dún yẹn, kò sẹ́ni tó jẹ ẹyọ kan. Mo sùn sí oko náà, mo lé òkété, mo lé ọ̀yà, èmi tí mo ti pa ẹfọ̀n. Lọ́dún kejì, ilé kọ̀ọ̀kan rí tirẹ̀ gbìn, wọ́n sì rí díẹ̀ sè.

Ọjọ́ tí wọ́n fẹ́ jẹ àkọ́kọ́, mo ní èmi ni màá sè é. Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi di ara wọn mú. Mo gbé ìkòkò kaná láàárín ìlú ní ọ̀sán gangan. Mo rín in, mo bù ú sí i, mo dé e, mo na etí sí i. Ẹfúnróyè kò lè fara dà á mọ́, ó na ọwọ́ sí ìkòkò náà. Mo ní, "Ìyá Ìgè, fi í sílẹ̀, kò tíì sọ̀rọ̀." Ó fa ọwọ́ sẹ́yìn, ó sì wò mí bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí mi. Nígbà tí mo ṣí i, òun ló kọ́kọ́ tọ́ ọ wò. Ó ní, "Ó dì." Lẹ́yìn náà ó ní, "Iyọ̀ ló kù díẹ̀." Mo fò sókè bí ẹni jẹ oyè.

Nígbà tí wọ́n jẹun tán, ilé kọ̀ọ̀kan gbé èbù mẹ́wàá mẹ́wàá rẹ̀ wá. Baba Òṣíbọ̀wálé bi wọ́n pé, "Ilé ta ni a ó kó o lọ?" Mi ò gbé orí sókè. Mo ti ní in lọ́kàn pé bí wọ́n bá dárúkọ ẹlòmíràn, èmi fúnra mi ni màá bá a rù ú débẹ̀. Ẹfúnróyè wá dìde, ó gbé apẹ̀rẹ̀ àkọ́kọ́ rù, ó ní, "Ahéré wa ṣì wà lórí àpáta. Baba Ìgè ti tún òrùlé rẹ̀ ṣe." Ó bọ́ síwájú, kò wẹ̀yìn. Àwọn yòókù gbé apẹ̀rẹ̀ wọn, wọ́n tẹ̀ lé e. Mo sáré ṣáájú wọn lọ ṣílẹ̀kùn. Mo gba èbù náà lọ́wọ́ wọn, mo ń tò ó lọ́kọ̀ọ̀kan, mo sì ń pe orúkọ ilé tó ni ín.